Owó LEA: ibo ló ń há sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kubwa ni mo ń gbé, èlùbọ́ àti gààrí ni mò ń tà. Ọmọ mi méjì wà ní LEA, ilé ìwé pírámárì ìjọba, ọ̀kan ní pírámárì 2, èkejì ní pírámárì 5. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí PTA ní ká mú owó àga wá, owó mẹ́gáàdì, owó ṣọ́ọ̀kì. Bàbá wọn ní kò sówó lọ́wọ́ ìjọba mọ́. Ẹni tí a jọ ń tajà ní irọ́ ni, owó ń bẹ, àwọn ọ̀gá ló ń kó o jẹ. Ta ni ká gbà gbọ́? Bí ìjọba bá sì fi owó kún un, ṣé nǹkan á yí padà, àbí kí n tètè kó àwọn ọmọ mi lọ sí ilé ìwé aládàáni? Ìyá Mosún, Kubwa.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Ìyá Mosún, ẹ kú ìnáwó àwọn ọmọ. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè wọn. Owó ilé ìwé ìjọba ni mò ń ṣe ìwádìí lé lórí, ní Abuja níbí àti ní àwọn ìpínlẹ̀ òkè Ọya, ìbéèrè yín sì ni mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn òbí. Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó parọ́. Owó náà kò tó lóòótọ́. Wọ́n ń jẹ níbẹ̀ lóòótọ́. Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ ni pé àní owó tí wọn ò jẹ pàápàá kì í sábà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ojú ọ̀nà ló ń há sí, ibi tó ń há sí náà sì lórúkọ. Ẹ ní sùúrù fún mi, ìdáhùn yìí máa gùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti owó àga, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti dùn yín jù. Òfin tó ń darí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà lónìí ni Òfin UBE ti ọdún 2004. Ó ní kí gbogbo ọmọ ka pírámárì ọdún mẹ́fà àti JSS ọdún mẹ́ta láìsan kọ́bọ̀. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé ẹnu lásán rọrùn láti fi pe nǹkan ní ọ̀fẹ́, nítorí náà wọ́n ka àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ sínú òfin náà: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkàwé, àga àti tábìlì, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Àga wà níbẹ̀, Ìyá Mosún. Ó wà nínú òfin láti 2004. Òfin kan náà ní ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ òbí lórí ohun tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́ lè san ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Kò sì dá òbí sí: ẹni tí kò bá rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé, ìkìlọ̀ ni nígbà àkọ́kọ́, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan ni nígbà kejì.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì mú òfin yìí lọ ka mọ́ ọ̀gá ilé ìwé yín lójú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí.

Mo lọ sí ilé ìwé kan ní apá Kwali ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an. Abẹ́ igi máńgòrò ni pírámárì 3 wà, torí ìjì ti ká páànù yàrá wọn lọ. Ìyá Gbagyi kan ni ọ̀gá wọn, ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kù díẹ̀. Mo bi í pé èló ló ń wọlé fún un ní táàmù kan láti fi tọ́jú ilé ìwé. Kò dá mi lóhùn. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó mú ìwé ìkọ̀wé kan jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ ń lò. Ó ti fi rúlà fa ìlà sí i láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ẹ̀yìn: ọjọ́, ohun tí a rà, ẹni tó sanwó. Ṣọ́ọ̀kì, páálí méjì. Àgádágodo kan. Ìgbálẹ̀ mẹ́fà. Owó ọ̀kadà lọ sí kánsù láti lọ gba rẹ́jísítà. Páànù mẹ́ta pẹ̀lú ìṣó. Pépà ìdánwò. Nínú ìlà ẹni tó sanwó, ọ̀rọ̀ kan ló kún ibẹ̀, "ni", ìyẹn "èmi" lédè Hausa. "PTA" wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń ṣí i lọ, mò ń wá ibi tí wọ́n ti kọ kánsù tàbí ìjọba síbẹ̀, títí mo fi kan ẹ̀yìn ìwé. Ó wò mí títí, ó wá sọ fún mi pé: "Babu abin da ya zo." Kò sí ohun tó wá.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé ìwé tí mo bá ti wọ̀, mo máa ń béèrè ìwé náà. Kì í lórúkọ pàtó, ṣùgbọ́n ó máa ń wà níbì kan nínú dúrọ́ọ̀. Ohun tó sì ń fi hàn mí ni pé ní ọ̀pọ̀ LEA tí mo dé, owó tí ọ̀gá ilé ìwé lè fọwọ́ ara rẹ̀ ná lọ́dún kan kò ju òdo lọ. Tíṣà ń gbowó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni. Kọngílá lè wá kọ́ yàrá méjì lọ́dún kan. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ń gbé ilé ìwé ró láti Monday dé Friday kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni. Nígbà tí PTA yín bá sì ní kí ẹ mú owó ṣọ́ọ̀kì wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti rẹ ọ̀gá ilé ìwé yín láti máa kọ "èmi".

Ẹ jẹ́ ká wá tọ ọ̀nà náà láti òkè wá. Owó oṣù tíṣà pírámárì ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń ná, àpò ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ti ń jáde. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ sí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀. Abuja kì í ṣe ìpínlẹ̀, kò ní gómìnà, nítorí náà láàárín kánsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti ọ́fíìsì mínísítà FCT ni ẹrù yìí wà. Kubwa tí ẹ wà, kánsù Bwari ló ni yín. Ẹ ò tíì gbàgbé 2025 nígbà tí àwọn ọmọ jókòó sílé lé ní oṣù mẹ́ta. Owó oṣù tuntun ti ₦70,000, tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 2024, ni tíṣà ń béèrè pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ rẹ̀. Àwọn kánsù ní apá àwọn kò ká a, ọ̀rọ̀ wá di ti ta ni kó san. Mo jókòó nínú ìpàdé òbí kan ní àkókò náà, ìyá kan dìde ó ní, "Ṣé àwọn ọmọ wa ni wọ́n fi ń ta ayò?" Kò sẹ́ni tó lè fèsì, èmi náà ò lè fèsì.

Àrùn yìí ti pẹ́. Ní 1988, ìjọba ológun dá àjọ kan sílẹ̀, NPEC, láti máa bójú tó owó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó oṣù tíṣà. Ní 1991 wọ́n tú u ká, wọ́n gbé gbogbo ẹrù náà lé ìjọba ìbílẹ̀ lórí. Àwọn tó ṣe tíṣà nígbà náà á sọ fún yín: owó oṣù dáwọ́ dúró, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri, ilé ìwé sì wà ní títì pa. Ní 1993 wọ́n tún dá NPEC padà. Ìdí tí mo fi ń rántí èyí ni pé ní 11 July 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, kó má gba ọwọ́ gómìnà mọ́. Mo fara mọ́ ìdájọ́ náà, àwọn gómìnà ti fi owó náà ṣe bó ṣe wù wọ́n pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní kedere pé owó oṣù tíṣà ni kánsù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ, ẹ̀rù 1991 ń bà mí.

Ọ̀nà kejì ni owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí. Lábẹ́ Òfin 2004 yẹn, ó kéré tán ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kọpurétíìfù lọ́jà, ó máa yé yín kíákíá: ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba ìpín tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé iye kan náà kalẹ̀ láti inú àpò ara rẹ̀, kó mú ètò ohun tó fẹ́ ṣe wá, kó sì ro bó ṣe ná ti tẹ́lẹ̀. Ó dùn létí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kì í gbé tiwọn kalẹ̀, owó àwọn ọmọ á wá dùbúlẹ̀ sí báńkì àpapọ̀ láti ọdún dé ọdún. Kì í ṣe mílíọ̀nù o, bílíọ̀nù ni, àwọn UBEC fúnra wọn kò yé pariwo rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti yá owó ní báńkì láti fi han UBEC, tí UBEC bá ti san tiwọn tán, wọ́n á yọ owó yíyá náà dá padà fún báńkì. Iṣẹ́ tó yẹ kí owó méjì ṣe, owó kan ló máa ṣe é.

Èmi ò rí i pé ìwà àwọn gómìnà nìkan ló bàjẹ́ níbẹ̀. Ètò náà gan-an ló wọ́. Bí a bá ní kí olówó àti tálákà mú iye kan náà wá kí a tó ràn wọ́n lọ́wọ́, tálákà ló máa kùnà. Àwọn ìpínlẹ̀ tí ọmọ tí kò lọ sí ilé ìwé pọ̀ sí jù ni kì í sábà rí owó gbé kalẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, owó UBEC kì í san owó oṣù tíṣà. Ó ń kọ́ yàrá, ó ń ra ìwé, ó ń dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́. Mo ti rí yàrá tuntun onípéńtì pupa àti funfun ní abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Niger tí ewúrẹ́ ń sùn sí, torí tíṣà méjì ló wà fún kíláàsì mẹ́fà. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní kí tíṣà kan má kọ́ ju ọmọ 35 lọ ní pírámárì. Ẹ lọ ka iye orí tó wà ní kíláàsì ọmọ yín tó wà ní pírámárì 2.

Ẹ tún máa gbọ́ lórí rédíò pé UNESCO ní kí ìjọba fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́jẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀kọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé ìyẹn lọ sí ìpàdé kankan. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, ọdún sì ti pọ̀ tí àwọn aṣojú wa ti ń tún un sọ. Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí ní Incheon, ní Kòríà Gúúsù, ní 2015, ni ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba ń ná, tàbí ìdá 4 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún. Ti ìjọba àpapọ̀ tiwa kò sábà pé ìdá 10. Síbẹ̀, ibi tí ariwo yẹn ti ń ṣì wá lọ́nà jù ni pé yunifásítì, pólì àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì Abuja. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lọ́la, ọmọ yín ní Kubwa lè má rí ṣọ́ọ̀kì kan níbẹ̀. Kánsù àti UBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní FCT àti ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ni kí a tẹjú mọ́.

Ẹ wá bi mí bóyá nǹkan á yí padà bí wọ́n bá fi owó kún un. Àwọn onímọ̀ ti jà lórí èyí láti 1966, nígbà tí ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Coleman Report ní Amẹ́ríkà sọ pé ilé tí ọmọ ti wá ju ohun tí ilé ìwé ní lọ. Ọ̀pọ̀ ìjọba gbá ọ̀rọ̀ yìí mú fún ọdún gbọọrọ láti fi sọ pé owó kò já mọ́ nǹkan. Ní 2016, Kirabo Jackson, Rucker Johnson àti Claudia Persico lo àwọn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó fipá mú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà láti pín owó ilé ìwé bó ṣe tọ́, wọ́n sì tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà títí wọ́n fi dàgbà. Ibi tí owó orí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i fún ọdún méjìlá tí ó fi kàwé, owó iṣẹ́ wọn nígbà tí wọ́n dàgbà fi bí ìdá 7 ga sí i, àwọn ọmọ tálákà ló sì jèrè jù. Ọdún méjìlá ni mo sọ o. Owó tó wá lọ́dún ìdìbò tí kò wá mọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn ilẹ̀ tí ipò wọn jọ tiwa, èsì náà mú mi ronú jù. Indonesia sọ owó oṣù tíṣà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn tó dán an wò rí i pé inú tíṣà dùn, wọ́n sì dín iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, ìwé tí àwọn ọmọ mọ̀ kò lé rárá. Ní Kenya wọ́n pín ìwé kíkà fáwọn ilé ìwé, àwọn ọmọ tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀ nìkan ló jèrè rẹ̀. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé náà, àwọn yòókù kò lè kà á. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ló sọ sí mi lọ́kàn. Láti 1970 ní Ilé-Ifẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìwé wọn sì dára ju ti àwọn tí wọ́n yí sí Òyìnbó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ. Mo mọ̀ pé ní Kubwa ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Yorùbá, Gbagyi, Hausa, Igbo àti Tiv ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ìwé fún ọmọ láìbéèrè bóyá ọmọ náà gbọ́ èdè inú rẹ̀ ti da owó nù.

Tanzania ló yà mí lẹ́nu jù. Ilé ìwé 350 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Wọ́n fún apá kan lówó tààrà, bí i 10,000 ṣílè Tanzania lórí ọmọ kan. Wọ́n ṣèlérí owó fún àwọn tíṣà apá kejì lórí iye ọmọ tó bá yege. Wọ́n fún apá kẹta ní méjèèjì, wọn ò fún apá kẹrin ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, owó nìkan kò yí èsì ìdánwò padà. Ìlérí nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Níbi tí méjèèjì ti pàdé ni àwọn ọmọ ti mọ̀wé sí i gan-an. Tíṣà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ tí kò ní ṣọ́ọ̀kì, àti tíṣà tó ní ṣọ́ọ̀kì tí kò sẹ́ni tó bi í léèrè iṣẹ́, bákan náà lọmọ ń rí wọn.

Uganda ni mo fi pamọ́ dé ibí, torí òun ló kàn yín jù. Láàárín 1991 sí 1995, ìjọba wọn ń fi owó ránṣẹ́ sí pírámárì lórí orí ọmọ. Àwọn onímọ̀ méjì, Ritva Reinikka àti Jakob Svensson, lọ láti ilé ìwé dé ilé ìwé, wọ́n fi ohun tó wọlé síbẹ̀ wé ohun tó jáde ní olú ìlú. Nínú 100 ṣílè, 13 péré ló dé. Àwọn tó pọ̀ jù kò rí nǹkan kan gbà. Ó há sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àárín. Ìjọba bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tó jáde lóṣooṣù sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ní kí ilé ìwé lẹ iye tó gbà mọ́ ara ògiri. Ní 2001, ohun tó ń dé ilé ìwé ti kọjá 80 nínú 100. Àwọn òbí àti ọ̀gá ilé ìwé mọ iye tó yẹ kó dé, wọ́n ń lọ béèrè rẹ̀.

Àwa Yorùbá fẹ́ràn láti máa sọ pé Awólọ́wọ̀ ṣe é, kí ló dé tí wọn ò lè ṣe é níbí? Ó ṣe é lóòótọ́. Ní January 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, àwọn ọmọ ilé ìwé sì fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó lé ní 800,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Ohun tí a máa ń gbàgbé ni bó ṣe rí owó rẹ̀. Ó bu ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà lé àwọn àgbàlagbà lórí fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú bí àwọn bàbá wa, wọ́n bínú débi pé ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ pàdánù nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954 ní agbègbè ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó san owó náà mọ ohun tó san án fún, ó sì rí ilé ìwé ní abúlé rẹ̀. Ní òkè Ọya, 1976 ni ìjọba àpapọ̀ gbé UPE dé, ètò ẹ̀kọ́ pírámárì ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Ìwádìí Una Osili àti Bridget Long fi hàn pé níbi tí ètò 1976 náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin, ọmọ tí wọ́n bí kí wọ́n tó pé ọdún 25 kò tó ti àwọn tó ṣáájú wọn. Owó ìjọba ló ṣe ìyẹn, níbí, ní Nàìjíríà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àwọn Hausa nìkan ni. UNICEF ní ọmọ mílíọ̀nù 10.2 tó yẹ kó wà ní pírámárì ni kò sí níbẹ̀, àti mílíọ̀nù 8.1 tó yẹ kó wà ní JSS. Òkè Ọya ló pọ̀ sí jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Báńkì Àgbáyé fi $611 mílíọ̀nù kalẹ̀ ní 2017 láti dá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sí ilé ìwé ní ìpínlẹ̀ 17, Ọ̀yọ́ wà nínú wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilé ìwé aládàáni. UNICEF sọ pé nínú ọmọ mẹ́rin láàárín ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kí ó yé e. Àwọn ọmọ ilé ìwé aládàáni wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú tó wà ní àdúgbò wa ń san owó tí kò tó ti LEA fún tíṣà, àwọn tíṣà náà kò sì kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ti ìjọba pàápàá ní àbùkù tirẹ̀. Ẹ rántí Kaduna ní 2017: ìjọba ìpínlẹ̀ fún tíṣà bí 33,000 ní ìdánwò pírámárì 4, ó sì kéde pé 21,780 nínú wọn kò gba ìdá 75. Nítorí náà ẹ má wo péńtì ara ilé, ẹ má sì wo yúnífọ́ọ̀mù. Lálẹ́ òní, ẹ mú ìwé tí àwọn ọmọ yín kò rí rí, ẹ ní kí èyí tó wà ní pírámárì 5 ka ojú ewé kan sókè, kó sì sọ ohun tó kà fún yín lédè tó bá wù ú. Bí ó bá kà á tó yé e, tíṣà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá lè kà á, ẹ lọ sí ilé ìwé aládàáni tí ẹ ní lọ́kàn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ọmọ wọn kan ní pírámárì 5 ka ojú ewé yẹn kan náà níṣojú yín, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Èyí tó wà ní pírámárì 2 ṣì ní àkókò. Wákàtí kan lójúmọ́ lórí lẹ́tà àti ìró wọn lè tún nǹkan ṣe kó tó wọ pírámárì 4.

Owó PTA náà ńkọ́? Bí agbára yín bá gbé e, ẹ san án, àwọn ọmọ ò lè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ẹjọ́ àwa àgbà. Ẹ gba rìsíìtì. Kí ẹ sì dìde nínú ìpàdé, kí ẹ ní kí wọ́n kọ iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi rà sára pátákó kan lẹ́nu géètì, bí ti Uganda. Ẹ béèrè ìgbìmọ̀ SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé, tí òbí, tíṣà àti ará àdúgbò máa ń wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n dá a sílẹ̀. Bí ó bá wà, ẹ wọ inú rẹ̀, torí àwọn obìnrin ọlọ́jà máa ń ka owó dáadáa ju ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ lẹ́tà kan. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2011 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti béèrè ohun tó wà lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba kò ní kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ní láti fún yín lésì. Ẹ kọ ọ́ sí alága àjọ FCT UBEB, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Education Secretary kánsù Bwari. Ẹ má jẹ́ kó gùn. Ẹ sáà kọ pé: "Lábẹ́ òfin FOI ti 2011, mo fẹ́ mọ iye àga, ìwé, yàrá ìkàwé àti owó tí ẹ kọ sílẹ̀ fún ilé ìwé yìí láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́, àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i pé òun gbà á." Bí òbí mẹ́wàá bá fọwọ́ sí i, ó sàn ju ẹnì kan lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá gba lẹ́tà náà lù ú ní òǹtẹ̀, kó kọ ọjọ́ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Kí ẹ sì fi àwòrán ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí mi. Láti ọjọ́ tó bá wà lára òǹtẹ̀ náà ni èmi náà á ti máa ka ọjọ́ méje.